Ìpàtẹ Géèmù Pẹ̀lú Àwọn Ọ̀rẹ́: Ṣé Ká Jọ Rìn Ni, àbí Ká Pínyà?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa márùn-ún ti gba tíkẹ́ẹ̀tì láti lọ sí ìpàtẹ géèmù ńlá kan, ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ìgbà àkọ́kọ́ wa sì nìyẹn. Géèmù ìjà ni ọ̀kan nínú wa ń kú lé lórí. Ọ̀kan ń rán aṣọ tí yóò fi múra bí ẹ̀dá inú géèmù. Ẹnì kẹta kò fẹ́ nǹkan mìíràn ju kó fọwọ́ kan àwọn géèmù ńláńlá tí kò tíì jáde. Àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún 15, ń bá wa lọ. Ní tèmi, àwọn tó ń ṣe géèmù gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ṣé ká jọ máa rìn látàárọ̀ dalẹ́ ni, àbí kí kálukú máa bá tirẹ̀ lọ? Mi ò fẹ́ ká lọ bí ọ̀rẹ́ ká wá padà bí ọ̀tá.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o ṣeun tí o béèrè kí ẹ tó gbéra. Ẹ má jọ rìn látàárọ̀ dalẹ́, ẹ má sì tú ká bí ẹyẹ tó gbọ́ ìró ìbọn. Ẹ mú nǹkan méjì péré lójúmọ́ tí ẹ ó jọ ṣe, ẹ dá àkókò sí i, kí kálukú lo ìyókù ọjọ́ náà bó ṣe wù ú. Mo mọ adùn kí ọ̀rẹ́ wà pẹ̀lú ọ̀rẹ́. Ìlà ló jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Ìlà ló ń jẹ ọjọ́ ní ìpàtẹ géèmù, ẹni tí kò bá sì mọ bí ìlà ṣe ń rìn lè fi ọjọ́ mẹ́ta dúró lórí ẹsẹ̀ kó má rí ju géèmù mẹ́ta gbá.

Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pọ̀. Ká ní ilé iṣẹ́ kan gbé géèmù tuntun wá, wọ́n to ẹ̀rọ 20 sínú ìsọ̀ wọn, wọ́n sì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú 20 láti gbá a. Ẹ̀rọ kan á gba ènìyàn mẹ́ta láàárín wákàtí kan, gbogbo ẹ̀rọ náà pa pọ̀ á gba 60. Bí ènìyàn 300 bá wà níwájú yín, wákàtí márùn-ún nìyẹn, bí ẹ̀rọ kankan ò bá tilẹ̀ kú, tí a ò sì ka ìṣẹ́jú tí wọ́n fi ń nu páàdì, ìyẹn ohun tí a ń dì mọ́wọ́ darí géèmù, tí wọ́n sì fi ń dá géèmù padà síbẹ̀rẹ̀. Tí ẹ̀yin márààrún bá jọ tò síbẹ̀ torí pé ẹnì kan ṣoṣo ló fẹ́ ẹ, ẹ ti fi odidi ọjọ́ ẹni mẹ́rin ṣòfò, ibẹ̀ sì ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan á sọ pé ẹsẹ̀ ń ro òun, òmíràn á ní òun ò tiẹ̀ fẹ́ràn géèmù náà tẹ́lẹ̀, ẹni tó fẹ́ ẹ á wá máa wò bí ẹni tó jẹ gbèsè.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá dé ìdí ìlà kan, ẹ má wo gígùn rẹ̀ nìkan. Ẹ ka ẹ̀rọ. Ìlà gígùn tó ní ẹ̀rọ 60 níwájú lè yá ju ìlà kúkúrú tó ní mẹ́rin lọ. Ẹ wo aago nígbà tí àwọn kan bá wọlé, ẹ tún wò ó nígbà tí wọ́n bá jáde, ẹ ó mọ iye ìṣẹ́jú tí ìpele kan ń gbà lóòótọ́. Òṣìṣẹ́ kan sábà máa ń dúró ní ìparí ìlà pẹ̀lú pátákó lọ́wọ́. Ẹ bi í léèrè tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀, òun ló mọ̀ ọ́n jù. Bó bá ní àwọn ti ti ìlà náà pa, ẹ má fara pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ pé bóyá wọ́n á ṣí i. Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n á ṣí i, kí ẹ wá ibòmíràn gbà. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ìlà géèmù ńlá máa ń kú ṣáájú gbọ̀ngàn fúnra rẹ̀. Bí gbọ̀ngàn bá ń ti ilẹ̀kùn ní aago mẹ́jọ alẹ́, tí àwọn tó ti wà lórí ìlà bá sì tó wákàtí mẹ́ta, aago márùn-ún ni wọ́n ti máa dá àwọn tuntun padà.

Ẹ̀yin náà ẹ wo bí èrò ṣe ń pọ̀ tó níbẹ̀. Gamescom, ìpàtẹ géèmù tí wọ́n ń ṣe ní ìlú Köln ní Jámánì láti 2009, ènìyàn bíi 373,000 ló gba ibẹ̀ kọjá ní 2019. Kò sí bí ìsọ̀ kan ṣe lè fún gbogbo wọn ní páàdì.

Ẹnì kẹta yín, ẹni tó fẹ́ géèmù ńláńlá, sọ fún un pé kó mú ẹyọ kan ṣoṣo lójúmọ́. Kó mú un lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kó mọ nọ́ńbà gbọ̀ngàn àti ọ̀nà tó gba ibẹ̀, kó sì gba ibẹ̀ lọ tààrà ní kété tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn, láì yà síbì kan. Wákàtí àkọ́kọ́ ló ṣe kókó jù. Ṣùgbọ́n kó tó fi orúkọ géèmù kan sínú ètò rẹ̀, kó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kan: ìgbà wo ni géèmù yìí ń jáde? Èyí tó kù ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó dé ọjà, kò tó nǹkan tí èèyàn ń fi wákàtí mẹ́rin tò fún. Ọ̀pọ̀ géèmù ni wọ́n tún máa ń gbé demo rẹ̀, ìyẹn apá kékeré tí wọ́n fi ń tọ́ géèmù wò, sórí íntánẹ́ẹ̀tì, pàápàá nígbà Steam Next Fest, àjọ̀dún tí Steam, ilé ìtajà géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, máa ń ṣe, níbi tí èèyàn ti lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tó yẹ kó tò fún ni èyí tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè tẹ̀ níbòmíràn títí ọdún á fi yípo.

Nípa kí ẹnì kan máa dúró fún ẹni mẹ́rin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Àwọn tó wà lẹ́yìn yín á bínú, òótọ́ sì ni wọ́n ń bínú lé lórí, òṣìṣẹ́ lè lé gbogbo yín padà sí ìparí. Kí ẹnì kan yọ lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ kó sì padà sí àyè rẹ̀, kò sẹ́ni tí kò gbà bẹ́ẹ̀, bó bá ti sọ fún ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn géèmù kan wà tí ẹni mẹ́rin ń gbá pa pọ̀, irú èyí ni kí ẹ fi sínú nǹkan méjì tí mo ní kí ẹ jọ ṣe. Ẹ béèrè lẹ́nu ọ̀nà pé, "Ẹni mélòó ló ń gbá a lẹ́ẹ̀kan?" Bí ẹ bá pé, wọ́n á kó yín jókòó sójú kan náà. Ẹni tó bá dá wá ni wọ́n ń so pọ̀ mọ́ àjèjì, kò sì sí bí àjèjì ṣe ń pariwo mọ́ ara wọn bí ọ̀rẹ́ ṣe ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ tìrẹ ni mo fẹ́ fara balẹ̀ sọ, torí pé ibẹ̀ gan-an ni mo gbà pé adùn ìpàtẹ wà. O ní àwọn tó ń ṣe géèmù lo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Má wá wọn lọ sí ìsọ̀ ńlá. Àwọn tó ń dúró síbẹ̀, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ni ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà, wọ́n kàn kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n á sọ ni. Lọ síbi tí wọ́n kó àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké sí. Ní Gamescom, Indie Arena Booth ni wọ́n ń pè é. Níbẹ̀, tábìlì kan, kọ̀ǹpútà kan, páàdì kan tàbí méjì, ẹni tó ń dúró lẹ́yìn rẹ ni ó kọ géèmù náà fúnra rẹ̀.

Bí o bá jókòó sí irú tábìlì bẹ́ẹ̀, ṣàkíyèsí onítọ̀hún. Kò ní wo ojú rẹ. Ọwọ́ rẹ ni á máa wò. O dé iwájú ilẹ̀kùn kan, o tẹ bọ́tìnì, kò ṣí. O tún tẹ̀ ẹ́, o yí padà, o rìn gba ẹ̀yìn, o tún padà wá. Á ti ṣí ẹnu láti sọ fún ọ, á tún pa á dé. Ìwé kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, á kọ nǹkan sí i. Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń há ló ń kọ yẹn, ohun tó sì ń wá kiri gan-an nìyẹn, nítorí pé òun ti mọ ilẹ̀kùn náà débi pé kò lè rí i bí àlejò ṣe ń rí i mọ́. Nítorí náà, má tijú pé o há. Sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ jáde bí o ṣe ń gbá a: "Mo rò pé kọ́kọ́rọ́ ni mo nílò." "Mi ò mọ̀ pé mo lè fo ìyẹn." Bó bá parí tó bi ọ́ pé báwo ni, má ṣe sọ pé ó dára gan-an kó o sì dìde. Sọ ibi kan tó dùn mọ́ ọ àti ibi kan tó ṣú ọ lójú. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí o wá bi í ní tìrẹ. Má bi í pé, "Báwo ni wọ́n ṣe ń di ẹni tó ń ṣe géèmù?" Ìbéèrè yẹn fẹ̀ jù. Bi í pé, "Kí lo yọ kúrò nínú rẹ̀ kó tó rí báyìí?" Ojú rẹ̀ á là, ìwọ fúnra rẹ ni yóò sì máa wá bí o ó ṣe kúrò níbẹ̀.

Àárọ̀ ni kí o lọ síbẹ̀, nígbà tí gbogbo ayé ń sáré lọ sí ìsọ̀ ńlá. Tábìlì ṣófo, ohùn ẹni tó ni géèmù kò tíì há. Bí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ bá fẹ́, kó bá ọ lọ, kí ẹnì kan gbá, kí ẹnì kejì dúró wò. Ẹni tó ń wò máa ń rí ohun tí ẹni tó ń gbá kò rí.

Onígéèmù ìjà yín, ó ní láti tètè mọ̀ bóyá ìdíje wà níbẹ̀, torí ìforúkọsílẹ̀ lè parí kí ọjọ́ ìpàtẹ tó pé. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é láàárín àwọn oníjà ti pẹ́. Evo, ìdíje géèmù ìjà tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká lónìí, láti 1996 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní California, Battle by the Bay ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè é. Kó mú páàdì tirẹ̀ lọ, kó mú okùn rẹ̀ pẹ̀lú. Bí páàdì náà bá jẹ́ aláìlókùn, kó yọ ọ́ kúrò lára ẹ̀rọ kó tó dìde, nítorí pé páàdì tó ṣì so mọ́ ẹ̀rọ kan lè tan nínú àpò rẹ̀, kó sì dá ìjà àwọn ẹlòmíràn dúró lójijì. Àwọn oníjà kì í fi ojú rere wo ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Níbi tí kò sí ìdíje, tí wọ́n kàn to ẹ̀rọ kalẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́, ẹni tó bá fìdí rẹmi ló ń dìde, tó ń lọ tò sẹ́yìn. Kó má ṣe dúró de ìgbà tí wọ́n á sọ fún un.

Ẹni tó ń rán aṣọ, kó ka òfin ìpàtẹ náà lórí ohun ìjà àfọwọ́ṣe kó tó gé ohunkóhun. Ọ̀pọ̀ ibi kò gba irin, wọn kò gba ohun tó ń yìnbọn, wọ́n sì máa ń yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sábà máa ń gbàgbé ni pé ẹni tó wọ irú aṣọ yẹn kì í dá rìn. Kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹlòmíràn kò rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń fẹ́ ya fọ́tò. Kí ẹnì kan nínú yín máa tẹ̀ lé e ní ọjọ́ tó bá wọ̀ ọ́, kó bá a gbé báàgì, kó bá a mú omi, kó máa sọ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n béèrè kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni kó wọ èyí tó wúwo jù, kó má jẹ́ ọjọ́ tí èrò pọ̀ jù. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ya á, kó bọ́ kúrò lójú ọ̀nà kó tó dúró.

Fóònù. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn bá kó ara wọn jọ sábẹ́ òrùlé kan, gbogbo wọn ló ń fà mọ́ òpó kan náà, WhatsApp á máa yí lójú, kò ní lọ. Àtẹ̀jíṣẹ́ lásán máa ń wọlé nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá ti kọ̀, torí pé ohun tó ń fẹ́ kò tó nǹkan. Ẹ kọ nọ́ńbà ara yín sórí ìwé. Ẹ ya fọ́tò tíkẹ́ẹ̀tì àti máàpù gbọ̀ngàn sínú fóònù kí ẹ tó kúrò nílé. Kí ẹni méjì mú páwà báǹkì. Ibi ìpàdé yín, ẹ má sọ pé lábẹ́ ère ńlá tó wà láàárín gbọ̀ngàn, torí gbogbo èèyàn ló ti sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wá ẹ̀gbẹ́ ògiri, ilẹ̀kùn tó ní nọ́ńbà, ibi tí kò fani mọ́ra rárá. Ẹ dá aago: bóyá aago kan ọ̀sán àti aago márùn-ún. Kí ẹ fi ìṣẹ́jú 15 dúró de ara yín, lẹ́yìn ìyẹn kí àwọn tó ti dé máa lọ, láìsí ìbínú, nítorí pé ó lè jẹ́ pé ẹni tí kò dé ti kù díẹ̀ kó dé iwájú ìlà. Ẹ fohùn ṣọ̀kan lórí èyí kí ẹ tó lọ. Àdéhùn yìí nìkan á gbà yín lọ́wọ́ ìdajì ìjà tí ẹ ń bẹ̀rù.

Bàtà tó ti mọ́ ẹsẹ̀ lára ni kí ẹ wọ̀, kì í ṣe tuntun. Ẹ máa jókòó kó tó rẹ̀ yín. Ní PAX, ìpàtẹ géèmù tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2004 ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń tẹ́ tìmùtìmù ńláńlá sílẹ̀ fún àwọn tó ń gbá géèmù àgbélọ́wọ́, ẹ wá irú ibẹ̀ níbikíbi tí ẹ bá lọ. Ẹ máa fọwọ́, àní gan-an. Ní 2009, àìsàn H1N1 ràn láàárín àwọn tó lọ sí PAX, kò sì yà mí lẹ́nu, nítorí pé páàdì kan lè gba ọwọ́ ọgọ́rùn-ún ènìyàn kọjá kó tó di alẹ́.

Ẹ tún yẹ tíkẹ́ẹ̀tì yín wò dáadáa, kí ẹ mọ irú ìpàtẹ tí ẹ ń lọ. E3 tó bẹ̀rẹ̀ ní 1995 ní Los Angeles, ti oníṣòwò àti oníròyìn ni fún ọ̀pọ̀ ọdún, 2017 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ta tíkẹ́ẹ̀tì fún ará ìlú, ní oṣù Kejìlá 2023 wọ́n sì kéde pé ó ti parí. Tokyo Game Show, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1996, máa ń ya ọjọ́ àwọn oníṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọjọ́ ará ìlú. Ẹ má jẹ́ kí ó jẹ́ ẹnu ọ̀nà ni ẹ ó ti mọ̀ pé ọjọ́ tí ẹ wá kì í ṣe tiyín.

Lálẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ jókòó pọ̀, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan dárúkọ ohun kan ṣoṣo tó rí tó gbà pé kí àwọn yòókù má ṣe pàdánù rẹ̀. Ọjọ́ kẹta ni kí ẹ fi jọ lọ wo àwọn nǹkan wọ̀nyẹn. Mo fẹ́ràn ètò yìí ju gbogbo èyí tí mo ti sọ lọ, torí pé nígbà yẹn kálukú ti gbọ́ tẹnu àwọn yòókù, ara ti balẹ̀, ẹ ó sì rí oníjà yín níbi tábìlì tó o fi hàn án, tí ìwọ náà yóò máa fara gba ẹ̀ṣẹ́ nínú géèmù rẹ̀.

Ó wá ku ọmọ ọdún 15, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ bójú tó lónìí, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Àwọn ìpàtẹ kan kì í jẹ́ kí ọmọdé dá wọlé láìsí àgbà. Ní Gamescom, ọjọ́ orí tí USK, ìyẹn àjọ tó ń díwọ̀n géèmù ní Jámánì, bá fi sára géèmù ni wọ́n ń tẹ̀ lé: wọ́n ń so ọ̀já mọ́ ọwọ́ èèyàn láti fi ọjọ́ orí rẹ̀ hàn, ẹni tí kò bá tíì pé 16 kò ní dé ìdí géèmù ọlọ́dún 16, bó ti wù kó ga tó. Wọ́n á béèrè ìwé tó fi ọjọ́ orí hàn, kó má gbàgbé tirẹ̀ sílé. Ẹ lọ wo géèmù tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti mú, kí ẹ yọ èyí tí òfin kò gbà fún ọmọ náà sọ́tọ̀, kí ẹ sì yan ẹni tí yóò wà pẹ̀lú rẹ̀ ní àwọn wákàtí yẹn. Kó máà jẹ́ ẹnì kan náà lójoojúmọ́, kó má sì jẹ́ pé ẹ fi í sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ pẹ̀lú báàgì gbogbo yín. Ẹ béèrè lọ́wọ́ òun náà ohun tó fẹ́ rí. Nínú gbogbo ohun tó o kọ sí mi, òun nìkan ni o kò sọ tirẹ̀.